Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé àti Èdè Ìlú: Ìgbésí-Ayé Robert Campbell, Òǹtẹ̀wé Ìlú Èkó (1829–1884)

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn ìwé títẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Láti ibẹ̀, ìtàn náà a fò lọ sí àwọn ìwé ìròyìn Èkó lẹ́yìn ọdún 1880, a sì wá dé àwọn ọdún 1920, nígbà tí ìwé ìròyìn elédè Yorùbá gbòde kan. Ní àárín méjèèjì, orúkọ Robert Campbell kì í gbà ju ìlà kan lọ: ọmọ Jàmáíkà kan tí ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863.

Ohun tí ó fa èyí kò fara sin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Campbell fi tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀, ọdún méjì ààbọ̀ péré ni ìwé ìròyìn náà sì lò láyé. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìdàgbàsókè èdè Yorùbá lè rò pé kò sí ohun tí òun lè rí kó níbẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ohun méjì ni ìwé títẹ̀ nílò kí ó tó lè di ti mùtúmùwà. Èkíní ni kí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọ tàbí ìjọba kí ó tó tẹ ohun tí ó fẹ́. Èkejì ni kí ohun tí a tẹ̀ jẹ́ èdè tí ará ìlú ń sọ. Townsend ní èkejì, kò ní èkíní; Campbell ní èkíní, kò ní èkejì. Bí ohun méjèèjì ṣe wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti bí wọ́n ṣe wá pàdé, ni ìgbésí-ayé Campbell lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀.

Láti Kingston dé Philadelphia

Ní ọdún 1829 ni a bí Robert Campbell sí Kingston, ìlú èbúté ńlá ní erékùṣù Jàmáíkà. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Yúróòpù ni ó jọ wà lára ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1834, ó sì tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí àwọn tí a ti dè mọ́ oko olówó wọn lábẹ́ orúkọ mìíràn gba òmìnira tòótọ́ ní 1838. Ìran tí ó bá dàgbà lásìkò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà ni ọ̀nà méjì tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò fẹ́ padà sí oko ìrèké. Campbell tọ ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ olùkọ́, ó sì di olùkọ́ ní Kingston.

Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ìwé títẹ̀ dà bí ohun tí ẹ̀rọ ń dá ṣe. Lásìkò tí Campbell kọ́ ọ, ọwọ́ ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà irin kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú àpótí. Ọmọ-iṣẹ́ yóò ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò tò wọ́n sínú irin pẹlẹbẹ tí ó fi ọwọ́ òsì dì mú, ojú wọn yóò sì yí padà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìwé nínú dígí. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dè wọ́n pọ̀ gírígírí, wọn yóò fi tàdáwà pa wọ́n lójú, wọn yóò tẹ́ bébà lé wọn, wọn yóò sì fi agbára apá fa ọ̀pá ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọn yóò tún tú gbogbo lẹ́tà náà ká, kí wọ́n lè lò wọ́n fún ojú-ìwé tí ó kàn. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì ti di ọ̀mọ̀wé lọ́nà kan, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kò rọrùn ní Jàmáíkà lẹ́yìn òmìnira. Ọrọ̀ ajé ìrèké wó lulẹ̀, owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan. Ní nǹkan bí ọdún 1852, Campbell fi ilé sílẹ̀. Ó gba àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà kọjá, ó sì dé New York ní 1853, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó kọ́ nígbà èwe ti fún un ní oúnjẹ òòjọ́. Ní 1855, ó di olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Philadelphia, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ tí à ń pè ní Quaker dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Institute for Colored Youth.

Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ti ń ṣe é kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Òfin ọdún 1850 ti fún àwọn olówó ẹrú láyè láti lé ẹrú tí ó bá sá wọ ìpínlẹ̀ tí kò ti sí ẹrú, kí wọ́n sì mú un padà. Ní 1857, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Dred Scott pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, ìpè Martin Delany bọ́ sí àkókò. Delany, dókítà àti akọ̀ròyìn, ń wá ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè tẹ̀dó sí ní Áfíríkà. Ilẹ̀ Yorùbá ni ojú rẹ̀ wà. Campbell gbà láti bá a lọ.

Òǹtẹ̀wé méjì ní Abẹ́òkúta

Oṣù Keje ọdún 1859 ni Campbell gúnlẹ̀ sí Èkó, ṣáájú Delany. Ọba Dòsùnmú ṣì wà lórí oyè, ìlú kò tíì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Èkó ó gba Abẹ́òkúta lọ, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 1830, tí àwọn Sàró tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú sì ti ń padà wá sí. Nígbà tí Delany dé, àwọn méjèèjì rin ìrìn-àjò dé Ìjàyè, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ìbàdàn. Ìlẹ̀ náà kò rọ̀. Aáwọ̀ ti ń lọ láàárín Kúrunmí ti Ìjàyè àti Aláàfin Adélù, èyí tí ó di ogun Ìjàyè ní 1860.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Aláké àti àwọn olóyè Ẹ̀gbá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Campbell àti Delany. Ọmọ Àjàyí Crowther, tí òun náà ń jẹ́ Samuel, wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Àdéhùn náà sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà, ní àjọni pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn. Àwọn àlejò náà ní tiwọn yóò mú ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá, wọn yóò sì bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá.

Ọjọ́ 24 ṣáájú àdéhùn yìí ni ìwé ìròyìn Townsend kọ́kọ́ jáde ní ìlú kan náà. Òǹtẹ̀wé méjì ni ó tipa báyìí jẹ́ àlejò Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Townsend sí ní 1815, iṣẹ́ ìtẹ̀wé sì wà nínú ẹbí rẹ̀. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Sàró, ó ti dé Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843, ó sì padà wá gbé ibẹ̀ láti 1846. Ó gbọ́ Yorùbá. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni ó ń ta ìwé ìròyìn rẹ̀ tí ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ohun tí ó sì ń wá ni kí àwọn ènìyàn mọ́ra láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Ìròyìn ìjọ, owó òwú lọ́jà, ìrìn-àjò àwọn olóyè àti ọ̀rọ̀ ogun ni ó kún inú rẹ̀. Ní 1860, ó fi apá Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ohun tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ fún ìlú náà kò bára mu. Townsend gbà pé ìjọ ni yóò tọ́ ìlú sọ́nà, àti pé òyìnbó ni yóò ṣe olórí ìjọ. Kí Àjàyí Crowther tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Townsend wà lára àwọn tí ó ta ko o. Lójú ẹni tí ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀, ìtẹ̀dó àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti kàwé, tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọn kò sì sí lábẹ́ ìjọ rẹ̀, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Òun àti àwọn òyìnbó mìíràn ta ko àdéhùn náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé Aláké kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí Campbell àti Delany fi Èkó sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1860, ogun ti dí ọ̀nà òkè, àdéhùn náà sì ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn.

Campbell kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà, A Pilgrimage to My Motherland, tí a tẹ̀ ní 1861. Orúkọ tí ó sọ ìwé náà tó láti fi ọkàn rẹ̀ hàn: ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó pe ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un ilé tí àwọn baba-ńlá ìyá rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún yẹn kan náà, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ètò ìtẹ̀dó sì fọ́. Delany dúró síbẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Campbell ní tirẹ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó padà wá. Èkó ni ó dúró sí ní 1862.

Anglo-African

Èkó tí ó padà bá ti yí padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n ti mú kí Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ ìlú náà di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Henry Stanhope Freeman ni gómìnà. Nígbà tí ó gbọ́ pé Campbell fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bu owó-orí lé ìwé ìròyìn, kí ó má baà di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn ti bá irú owó-orí bẹ́ẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní 1855. Yóò ṣòro láti tún gbé e dìde ní Èkó.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1863 ni Anglo-African kọ́kọ́ jáde, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ìlú Èkó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde. Campbell ni olówó rẹ̀, òun ni olóòtú, òun náà ni ọ̀gá òǹtẹ̀wé. Ìpolówó ọjà, ìròyìn ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ ìlú, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìtàn kíkà fún ìgbádùn ni ó fi ń kún ojú-ewé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun kíkà wọ̀nyí ni ó kó láti inú ìwé ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé òǹkọ̀wé kò pọ̀ nítòsí, iye owó tí ó ń wọlé kò sì lè bọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò kú: ìwé ìròyìn náà dà bí ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Èrò pé ènìyàn lè fi owó ara rẹ̀ ra ohun kíkà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe láti jọ́sìn, kì í ṣe láti gba iṣẹ́ ìjọba, bí kò ṣe láti mọ ohun tí ó ń lọ àti láti gbádùn ara rẹ̀, ni Campbell gbé wá sí Èkó.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1865, ìwé ìròyìn náà kógbá sílé. Ìdí rẹ̀ wà nínú iye àwọn tí ó lè rà á. Nínú àwọn ará Èkó ìgbà náà, àwọn Sàró, àwọn akọ̀wé oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ìjọ ni ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé ń sọ èdè àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti bọ̀. Àwọn ọmọ bíbí Èkó, àwọn Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí ó ń wọ ìlú náà fún òwò ń sọ Yorùbá. Yorùbá ni èdè kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi ń ná ọjà, òun gan-an ni kò sì sí nínú ìwé ìròyìn Campbell.

Ìdí tí kò fi tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá

Ó rọrùn láti dá Campbell lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí ó dojú kọ. Àgbàlagbà tí ó ti kọjá ẹni 30 ọdún ni ó jẹ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè abínibí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbọ́ èdè dáadáa kò lè ṣe olóòtú rẹ̀, àgàgà èdè tí ìyípadà ohùn kan lè sọ ọkọ́ di ọkọ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú àpótí lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ju lẹ́tà lásán lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ẹ, ọ àti ṣ tí ó ní àmì nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní wọn ní ọ̀pọ̀ yanturu, nítorí pé kò sí ìlà kan tí wọn kì í jẹ yọ. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń rọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, owó wọn kò sì kéré fún ẹnì kan tí kò ní ìjọ lẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, àkọtọ́ fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òótọ́ ni pé Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1843, síbẹ̀ ìjọ CMS ṣì ní láti pe ìpàdé sí Èkó ní 1875 láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Àwọn tí ó ní lẹ́tà, tí ó ní atúmọ̀, tí ó sì ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ láti ka Yorùbá ni àwọn ìjọ.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn Townsend fi hàn pé ẹni tí ó ní èdè nìkan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìwé Ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá lẹ́sẹ̀ nígbà ogun Ìjàyè, ó sì bá ìjọba Èkó wọ̀jà lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú sínú ilẹ̀. Síbẹ̀, ohun ìní ìjọ ni. Nígbà tí inú Ẹ̀gbá ru sí àwọn ará Èkó àti gbogbo ohun tí ó jọ òyìnbó, wọn kò ya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí a ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n kó ilé ìjọ, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọdún 21 ni ó kọjá kí wọ́n tó tún dá ìwé ìròyìn mìíràn sílẹ̀ tí yóò máa lo èdè Yorùbá, ìyẹn Ìwé Ìròyìn Èkó tí Andrew M. Thomas gbé jáde ní 1888.

Nítorí náà, láàárín ọdún 1865 sí 1867, ẹ̀rọ méjèèjì dákẹ́. Ti Èkó dákẹ́ nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ kò tó láti bọ́ ọ. Ti Abẹ́òkúta dákẹ́ nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ kò kà á sí tiwọn.

Ohun tí Campbell fi sílẹ̀

Bí ìwé ìròyìn Campbell tilẹ̀ parí, iṣẹ́ rẹ̀ kò parí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1866, ó wà nídìí dídá Lagos Academy sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fi ń gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti lítíréṣọ̀ ga. Èkó ni ó gbé títí ó fi kú níbẹ̀ ní 1884. Àmọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ọmọ-iṣẹ́.

Richard Beale Blaize, tí a bí sí Freetown ní 1845, dé Èkó ní 1862. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó mọ̀, ilé ìtẹ̀wé Campbell ni ó sì ti ṣiṣẹ́ nígbà tí Anglo-African bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ó di olórí àwọn òǹtẹ̀wé ìjọba, kí ó tó bọ́ sídìí òwò tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1880, Blaize fi owó ara rẹ̀ dá Lagos Times sílẹ̀. Ọdún 15 ni Èkó ti wà láìsí ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó dá a padà sì jẹ́ ẹni tí ó ti to lẹ́tà fún Campbell. Lọ́dọ̀ Blaize ni John Payne Jackson náà ti ṣiṣẹ́ kí ó tó gbé Lagos Weekly Record kalẹ̀ ní 1891. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ìwé ìròyìn lè kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọmọ-iṣẹ́ ti fi ọwọ́ kọ́ kì í ṣègbé.

Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí ń lò gẹ́gẹ́ bí ti Campbell. Síbẹ̀, nínú irú wọn ni ìjà fún èdè Yorùbá ti kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 fi owó ìrànwọ́ ìjọba sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ka èdè ìlú sí, àwọn ìwé ìròyìn Èkó ni ó fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà lè bá gómìnà wí. Òmìnira tí Campbell fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbà ni àwọn tí ó tẹ̀lé e lò láti gbèjà èdè tí òun kò lè tẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ohun méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ara wọn. Andrew Thomas tẹ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá pọ̀. Ní 1922, Adéoyè Dẹ́nígà gbé Eko Akete jáde. Ní 1923, E. A. Akíntán gbé Eleti-Ofe jáde. Ní 1924, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn, ó sì ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Nínú Akede Eko ni I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, kí ó tó sọ ọ́ di ìwé. Àwọn ènìyàn ń dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ìtàn náà já sí. Ohun tí Campbell ń wá ní 1863 nìyẹn: kí kíkà di àṣà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìgbádùn. Èdè ni ó yí padà, èdè náà ni ó sì mú kí ó ṣeé ṣe.

Ìwé títẹ̀ àti àwọn ìlú òkè

Ìtàn yìí yóò dà bí ti Èkó àti Abẹ́òkúta nìkan bí a kò bá wo àwọn ìlú tí ọ̀nà Campbell kò gbà. Nígbà tí ó lọ sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbà lọ; ó fi Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù sílẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn ìlú ẹkùn Odò Ọ̀tìn wọ̀nyí wà láàárín agbára Ìbàdàn àti ti Ìlọrin, ogun ni ó sì ń sọ ìtàn wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀wé ní etíkun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe rẹ̀ nítòsí Ìkìrun nínú ogun Jálumi. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sá di Ìkìrun, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí àlàáfíà fi dé ní 1893. Ìròyìn ogun tí ó ń lé wọn kiri ni àwọn ará Èkó ń kà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ogun náà bá kò lè kà á, wọn kò sì ní ibi tí wọ́n lè tẹ èsì sí.

Ojú ọ̀nà rélùwéè, tí ó dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì gba Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin ní 1908, mú ìwé àti ìwé ìròyìn súnmọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù ni ìwé kan tí ó jáde ní 1911. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó padà di Olúbàdàn, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní Yorùbá, ó sì dárúkọ Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun sára àkòrí rẹ̀. Kì í ṣe ìjọ ni ó rán an, kì í sì í ṣe ìjọba: Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ará Ìkìrun tí ó mọ̀wé lọ́dún náà lè rí orúkọ ìlú rẹ̀ ní ojú-ewé àkọ́kọ́, ní èdè tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nílé, kí ó sì ka ìtàn ogun tí bàbá rẹ̀ jà. Ó tún lè bá òǹkọ̀wé náà jiyàn, bí ohun tí ó kà kò bá ba ohun tí àgbà ilé sọ mu.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìgbésí-ayé Robert Campbell fi kọ́ni ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sọ ara rẹ̀ di ti ará ìlú. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè sọ èdè wa láìsọ tinú wa. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa lè máa sọ èdè tí ìyá wa kò gbọ́. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún nílẹ̀ Yorùbá rí méjèèjì, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sanwó fún ìyapa wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń kàwé, ọ̀pọ̀ àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Àpótí lẹ́tà Campbell ni ó tún padà wá ní ìrísí mìíràn. Iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè jókòó pọ̀ bí olóòtú àti òǹtẹ̀wé ṣe ń jókòó pọ̀ nígbà náà. Ní ti Campbell, ó yẹ kí ó gbà ju ìlà kan lọ nínú ìtàn ìwé títẹ̀ wa, nítorí pé àwọn tí ó tẹ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà tí ìwé ìròyìn Yorùbá gbà wọ ọjà.